Rọ́bà Tó Wà Nínú Pọ́lì

Màmá Nọ́ọ̀sì kò kí mi lọ́jọ́ náà. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọgbà mẹkáníìkì wa ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ṣílẹ̀kùn láì pa ẹ́ńjìnì, ó sì nawọ́ sí iná pupa rúsúrúsú kan tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn sítíárìn.

"Bíọ́dún, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọkọ̀ yìí máa kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà?"

Rẹ́wáyà ni mí. Gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ iná, wáyà àti kọ̀ǹpútà nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ́wáyà gbọ́dọ̀ lè bá ohun tí ojú rẹ̀ kò rí sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, mo rò pé fáàrí lásán ni bàbá náà ń ṣe.

Ọmọ Awà ni Màmá Nọ́ọ̀sì, ìdílé Áńgílíkà pátápátá. Agbẹ̀bí ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Makun-Omi. Bí ọmọ bá kọ̀ tí kò wá, ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ yìí ló ń tẹ́ aláboyún sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ. Kó tó ra ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ tí wọ́n háyà kan ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú igbó. Kí wọ́n tó rí òmíràn, ọmọ inú ti lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ fún mi, kò tún mẹ́nu bà á mọ́. Nítorí náà, mo mọ ohun tó ń bi mí gan-an.

Mo so sìkánà tó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà, ó ní mísífáyà ni. Sìlíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, bí ọ̀kan bá ti tan iná tirẹ̀, èkejì á tan tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá pa ìgbà tirẹ̀ jẹ, mísífáyà nìyẹn. Rẹ́wáyà míì ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì tó ń tan iná sìlíńdà fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mẹkáníìkì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó sì ti sọ fún un pé ẹ́ńjìnì ti tán, kó lọ wá tòkunbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí wọ́n ní ó ti tán yìí ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo yọ kọ́ìlì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti yọ ọ̀kan, ẹ́ńjìnì á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀. Bí mo bá dá a padà, á dúró dáadáa. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Mo pa iná náà rẹ́, mo wà á lọ sí Òrù, kò tàn. Mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, kíá, ó tún tàn. Kọ̀ǹpútà ní ẹnìkan ń pa iṣẹ́ jẹ, gbogbo òṣìṣẹ́ sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Inú bí mi sí ọkọ̀ náà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe nínú ọgbà wa. Ohun tó jẹ́ ti mẹkáníìkì, ti mẹkáníìkì ni. Ohun tó jẹ́ ti rẹ́wáyà, ti rẹ́wáyà ni. Ẹnikẹ́ni kì í ki ọwọ́ bọ iṣẹ́ ẹnìkejì, kì í sì í bi í léèrè, bí èèyàn kì í ti í ṣí ìkòkò ọbẹ̀ alájọgbé. Mùkáílà, mẹkáníìkì tí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fara ti tèmi, ló ń tọ́jú ọkọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Ìjẹ̀bú ló sì máa ń sọ sí gbogbo ayé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí kẹ́yìn?"

"Pọ́lì ni mo pààrọ̀. Éè ṣe pọ́lì ló ń tan iná. Iná ni, tìwọ ni."

Mi ò lè bínú sí i. Bó bá wá bá mi sọ̀rọ̀ wáyà, èmi náà á lé e.

Pọ́lì ni irin róbótó tó wà níwájú ẹ́ńjìnì, tí fáńbẹ́ẹ̀tì ń yí mọ́. Orí kíráńkì ni wọ́n dè é mọ́, ìyẹn irin gbọọrọ tí gbogbo písítìnì ń yí. Ti àtijọ́ ti ń dún, ni Mùkáílà bá lọ ra òmíràn. Ẹni tó tà á fún un ní àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ló ń lò ó. Ó fúyẹ́ bí abọ́ tánganran, ó pupa fòò, ó ń dán. Èmi ò mọ ẹni tí Màmá Nọ́ọ̀sì fẹ́ bá sáré ìje.

Ẹnìkan wà lórí bẹ́ǹṣì mi tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà Mojí ni, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì ní yunifásítì, tó wá tún fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó ní kí Mùkáílà jọ̀wọ́ mú pọ́lì àtijọ́ wá. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kí ni rọ́bà yìí ń ṣe láàárín irin méjì?"

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń rí rọ́bà yẹn, mo rò pé wọ́n kàn fi lẹ irin méjèèjì pọ̀ ni.

Ó mú àkísà tí mo fi ń nuwọ́, ó ní kí n di etí kan mú gírígírí. Ó lọ́ etí kejì, ó sì jẹ́ kó tú padà.

"Bí kíráńkì yín ṣe ń ṣe nìyí, gbogbo ìgbà tí iná bá sọ nínú sìlíńdà. Ó ń lọ́, ó sì ń tú padà. Rọ́bà yìí ló ń gba ìgbọ̀nrìrì náà mọ́ra."

"Irin yẹn, mà? Irin tó nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ?"

"Irin yẹn."

Ìgbà náà ni ohun tí èmi mọ̀ dìde, ó lọ bá tirẹ̀. Jíà eléyín kan wà lára kíráńkì, sẹ́ńsọ̀ kan sì ń wo eyín rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Bí eyín kan bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, kọ̀ǹpútà á ní sìlíńdà kan ti pa iṣẹ́ jẹ. Pọ́lì pupa yìí kò ní rọ́bà kankan. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ìgbọ̀nrìrì irin ń dé ara eyín wọ̀nyẹn, kọ̀ǹpútà sì ń pè é ní mísífáyà. Kò parọ́. Ohun tí ọwọ́ wa kankan ò lè mọ̀ lára ló ń mọ̀. Orí mi wú. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fara ti ẹ́ńjìnì jẹun, irin ń lọ́ bí aṣọ lábẹ́ ọwọ́ mi, mi ò mọ̀.

"Subhanallah," ni Mùkáílà wí, jẹ́jẹ́. Kò jiyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fi èékánná tẹ rọ́bà pọ́lì tòkunbọ̀ títí ó fi rí èyí tí kò tíì gbẹ. A dè é, mo pa iná rẹ́, mo sáré dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tàn.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Mo ti gbọ́. Wọlé ká lọ."

"Sí ibo, mà?"

"Makun-Omi. Bó bá máa kú, kó kú mọ́ àwa méjèèjì lọ́wọ́."

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn rẹ̀, aláboyún kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì, ìyá ọkọ rẹ̀ dì í mú. Láti Èfìrẹ̀ ni wọ́n ti wa ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Màmá Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bíọ́dún, ìwọ ni kó o wakọ̀. Ẹ̀yìn ni mo máa wà."

Mi ò tíì rí ọ̀nà tó gùn tó yẹn rí. Igbó lápá ọ̀tún, igbó lápá òsì, obìnrin yẹn ń kérora lẹ́yìn mi, ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbàdúrà. Ojú mi kan wà lọ́nà, èkejì wà níbi tí iná yẹn máa ń tàn. Mo mọ̀ nísinsìnyí ohun tí irin náà ń ṣe níwájú mi, bó ṣe ń lọ́ tó sì ń tú láìdákẹ́, tí rọ́bà tí kò nípọn tó ìka mi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ó sì yà mí lẹ́nu.

A dé ilé ìwòsàn ńlá náà. Wọ́n gbé e wọlé kíákíá. Mo dúró síta, mi ò lè jókòó.

Ó pẹ́ kí Màmá Nọ́ọ̀sì tó jáde. "Obìnrin ló bí. Àtìyá àtọmọ, àlàáfíà ni wọ́n wà." Ó wo ọkọ̀ náà. "Iná yẹn ńkọ́?"

"Kò tàn, mà."

Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó sí etí ìjókòó, ó sì bú sẹ́kún. Mi ò rí irú rẹ̀ lára obìnrin líle yẹn rí. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń gbóná, mo sì dúró tì í títí ó fi nu ojú rẹ̀.