Àmín Tó Dí Kànga Ọjà

Alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ní Ore. Kò fọwọ́ kàn mí, kò bú mi, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè sí mi. Àdúrà ló gbà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn tó bá kà á débí yìí yóò ní ìyá arúgbó yìí ti ń bá Ọlọ́run ṣọ̀tá. Rárá o. Èmi náà ń gbàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ìgbà tí ọkùnrin kan fi àdúrà bò mí lẹ́nu bí ẹni fi ọmọrí dé ìkòkò, tí gbogbo wa sì jùmọ̀ ṣe àmín sí i, èmi gan-an pẹ̀lú wọn.

Èkìtì ni mo ti wá. Ìjọba ló gbé mi wá sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ore nígbà tí Èkìtì àti Oǹdó ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Mo rò pé n ó lo ọdún díẹ̀ kí n padà sílé. Ọkọ mi, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ra ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọjà, ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó kú sínú rẹ̀, mo sì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé ẹni tó bá ti sin òkú sí ìlú kan ti di ará ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo rò nígbà náà.

Ní ẹ̀yìn ọjà, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, kànga kan wà tí omi rẹ̀ kì í gbẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Òun ni àwọn olónjẹ fi ń dáná fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin. Òun náà ni aládùúgbò mi, Ìyá Onípúpurú, fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ púpurú, ẹ̀gẹ́ ni. Wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á wá mọ ọ́n roboto, wọ́n á tò ó sórí àjà kí èéfín yan án. Iṣẹ́ omi ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí omi kò bá dára, kò sí èéfín tó lè tún un ṣe. Ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni obìnrin náà. Nígbà tí mo dé, n kì í gbọ́ ìdajì ohun tó bá ń sọ, òun náà a sì máa sín Èkìtì mi jẹ lójú gbogbo ọjà. A ní, "Tíṣà mi, ẹ fi èdè tíṣà sọ ọ́ ká lè gbọ́." Òun ló gbé oúnjẹ wá fún mi ní gbogbo àsìkò tí mo fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi.

Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni ìgbìmọ̀ máa ń pàdé, lẹ́yìn tí gbogbo ìlú bá ti ṣe ìmọ́tótó tán. Kíláàsì mi ni wọ́n ń lò. Ẹ bá mi wo àwọn àgbààgbà lórí bẹ́ńṣì ọmọ kékeré, tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, Bàbá Onípákó, tó ń ta pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a ní ká jẹ́ kí wọ́n wa ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì jáde nínú ilẹ̀ Agbabu ná, gbogbo ọ̀nà Ore yóò máa dán bíi dígí. A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì sún ọ̀rọ̀ sí oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀dà Agbabu ṣì wà nínú ilẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Alága wa ga, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà kan tó wà lókè ọjà. Àdúrà la fi ń ṣí ìpàdé, àdúrà la fi ń pa á dé, òun náà ló sì ń gba méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí àdúrà ìparí bá ti kọjá lórí rẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò kọ òfin yẹn síbì kan, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ rú u. Ta ni yóò dìde láti sọ pé Ọlọ́run kò gbọ́ dáadáa lóṣù tó kọjá?

Nígbà tó yá, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ṣe gọ́tà fún wa, nítorí pé bí òjò bá ti rọ̀, àgbàrá a máa ti títì ya wọ iwájú ọjà, a sì kó ọjà ọlọ́jà lọ. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ibi tí a fẹ́ kó gbà. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní lọ tààrà sínú odò, ṣùgbọ́n yóò la pápá tí ìjọ Alága ti ń ṣe ìsọjí kọjá. Èkejì yà ní ẹ̀yìn ọjà, ó sì parí sí àbàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ojú gbogbo wa ló rí i. Ẹnu ni kò sọ ọ́.

Èmi ni mo pinnu pé n ó sọ ọ́. Ọmọdé ṣì ń ṣe mí nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bímọ tán. Mo gbàgbọ́ pé bí a bá ṣàlàyé nǹkan dáadáa fún ènìyàn, yóò yé e, bó bá sì ti yé e, yóò ṣe é. Ogún ọdún tí mo ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yẹ kó ti là mí lójú. Mo fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi ya gbogbo ọjà sójú pátákó, mo ya kànga, mo ya odò, mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya ibi tí omi ìdọ̀tí yóò gbà. Mo wọ aṣọ tó dára. Mo jókòó, mo ń dúró de ìgbà tó máa kàn mí.

Wọ́n sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ̀. Nígbà tí mo rí i pé ó kàn mí, mo dìde. Mo ti la ẹnu. Alága wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká dìde, ká fi ọ̀rọ̀ yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Gbogbo ilé dìde. Bẹ́ńṣì ń ró gbàràgàdà, àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà. Èmi tí mo ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀ wá dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ti wà lọ́nà fún àdúrà jù. Ó dijú, ó ní, "Olúwa, ìwọ tó la ọ̀nà sínú òkun, la ọ̀nà fún omi wa gba ẹ̀yìn ọjà lọ sí àbàtà ní àlàáfíà. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìyapa wá sáàárín wa, má ṣe fún un láyè."

Àmín tí wọ́n ṣe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páánù ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá Onípúpurú ṣe tirẹ̀ tọkàntọkàn. Èmi náà ṣe é. Ẹnu mi ti ṣe é kí etí mi tó gbọ́ ohun tí mo ń ṣe é sí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa: àgbà kì í gbàdúrà kí ọmọ ènìyàn dákẹ́. Kí n tó lajú, wọ́n ti ń kí ara wọn kú ìjókòó, wọ́n ti ń jáde. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ kíláàsì mi bá àwòrán mi lójú pátákó. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ejò ni mo fẹ́ kọ́ wọn.

Wọ́n ṣe gọ́tà náà, ó sì yà ní ẹ̀yìn ọjà. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwa gbà fún un. Nígbà tí òjò dé, omi ẹja, èèpo àlùbọ́sà àti epo dúdú àwọn mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí àbàtà. Kò pẹ́ tí omi kànga fi yí àwọ̀. Àwọn olónjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra omi tí yóò tó láti rẹ ẹ̀gẹ́? Ìyá Onípúpurú ń fi omi kànga náà ṣe é lọ. Púpurú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ti máa ń dá ọkọ̀ dúró tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa lọ.

Mo tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò dúró de ìgbà tó máa kàn mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ gọ́tà gbé yẹ̀ wò, kànga ń kú lọ. Bàbá Onípákó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí a ti fi àmín tì, kọ́kọ́rọ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣí i?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bínú sí Tíṣà, pé ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló ń jà fún, pé ilé rẹ̀ ló súnmọ́ àbàtà jù. Ó ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Àlejò. Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀ wọn. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ Alága ní ìwé kíkà. Mo wẹ̀yìn wo àwọn obìnrin ọjà, àwọn tí kànga jẹ́ tiwọn, kí ẹnì kan lè sọ pé tiwa ni Tíṣà ń sọ. Gbogbo wọn wolẹ̀. Ìyá Onípúpurú náà wolẹ̀. Ìjọ Alága ni ó ń lọ, Alága ló sì máa ń ké sí láti wá gbàdúrà bí ara ọmọ rẹ̀ kò bá yá. N kò dá a lẹ́bi nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni mo wá dá a lẹ́bi, mo sì ṣe é pẹ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Ago Alaye, níbi tí odò wà lẹ́bàá oko. Ó wá dágbére fún mi. Inú ṣì ń bí mi. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Ó ní, "Tíṣà mi, ẹ kúkú ti dìde lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ gọ́tà. Mo rí yín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?" Ago Alaye ló kú sí. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti sin ín ni mo gbọ́.

Mo ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ sínú kànga, wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fóònù sórí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, mo máa ń jókòó sí ìta gbangba ilé mi, kí n máa wo omi bó ṣe ń bọ̀ tààrà, tí yóò dé ẹ̀yìn ọjà, tí yóò wá yà. Ẹni tó yàgbẹ́ ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n rírántí náà ń rẹ ènìyàn. Àwọn tí mo fẹ́ dá lẹ́jọ́ ń kú níkọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn sì ń kí mi lọ́nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn kò mọ nǹkan kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò kalẹ̀ láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ tán fún ògiri ilé mi. Mo ti sọ ọ́ débi pé mo ti mọ ibi tí ó yẹ kí n ti dákẹ́ kí n mí.

Nínú òjò tó kọjá yìí ni Alága ránṣẹ́ sí mi pé ara òun kò yá, òun fẹ́ rí mi. N kò lọ. Ó tún ránṣẹ́, n kò lọ. Nígbà tó yá, mo ronú pé bí ó bá kú láìjẹ́ pé mo dé ibẹ̀, ó tún ti pa ìpàdé dé mọ́ mi lẹ́nu nìyẹn. A kì í lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Mo ra àpò omi inú ọ̀rá kan lójú ọ̀nà, mo sì mọ ìdí tí mo fi rà á: kó mu nínú omi tí a ń rà láti ìgbà tí kànga ti kú.

Orí ibùsùn ni mo bá a. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ohùn náà ṣì ṣe jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ti jókòó ní kíláàsì mi rí, tú ọ̀kan nínú omi náà sínú ife fún un, ó sì mu ún tán. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n oúnjẹ. Mo ń wò ó. Ọ̀rọ̀ mi wà lẹ́nu mi, gbogbo rẹ̀ pé, síbẹ̀ n kò rí ibi tí n ó ti mú u. Ó rẹ̀ mí. Mo dìde láti máa lọ.

Ọmọbìnrin náà rí mi lórí ìdúró. Òun náà dìde, ó tún ìbòrí rẹ̀ dè, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà kí Màmá tó máa lọ."

Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè lórí ibùsùn, ó ní, "Ìwọ, jókòó, má tíì gbàdúrà. Tíṣà ti dìde kí n tó ní ká dìde lọ́jọ́ yẹn, mo rí i. Ẹ sọ ọ́, Tíṣà. Mò ń gbọ́."