Ẹni Tó Ń Mú Ọ̀rọ̀ Rìn

Ọdún mẹ́rìnlá ni ọkùnrin kan ti ń gé fídíò, tó ń tò ó, nínú yàrá kékeré kan tó wà lókè ilé ìtajà bàtà. Òun ló ra kọ̀ǹpútà méjèèjì tó wà níbẹ̀, òun ló kan aṣọ dúdú mọ́ fèrèsé kí oòrùn má baà máa ràn sójú wọn, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́. Ọ̀gá Fídíò làwọn oníbàárà ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Àkàbà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó gùn ún láti so iná mọ́ àjà, àkàbà yọ̀, Ọ̀gá bá ara rẹ̀ nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dì í. Bẹ́ẹ̀, fídíò ilé ẹ̀kọ́ kan wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì parí. Ìyàwó ní, "Ẹ jẹ́ kí n jókòó sí i. Ẹ máa sọ fún mi, èmi á máa tẹ̀ ẹ́."

Ó sọ fún un lóòótọ́. Mímú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú fídíò rìn ò ṣòro: èèyàn á fi àmì kan síbi tí ọ̀rọ̀ ti máa gbéra, á fi èkejì síbi tó máa dúró sí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á gbé e rin àárín méjèèjì. Gbogbo ohun tí ọkọ mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sáré wọlé tó dúró gìrì, bí ẹni tó forí sọ ògiri, ó mirí.

"Èèyàn kì í rìn báyìí," ó ní. "Ẹni tó ń darí bọ̀ wálé, tó bá ti kù díẹ̀ kó débi ẹnu ọ̀nà, á dẹ ẹsẹ̀."

Ló bá tún àmì kejì ṣe. Ọ̀rọ̀ náà rọra wọlé, ó dẹ ẹsẹ̀, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ àwòrán ọmọ kan tó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ ò mọ ìgbà tó ní, "Háà!"

Ká ní ibẹ̀ ló mọ, kò burú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè, ó ní, "Ta ló ṣe àwọn ọ̀rọ̀ yẹn? Ẹ bá mi kí i gan-an o." Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara wọn ní nọ́ńbà ìyàwó. Kí ọwọ́ Ọ̀gá tó san, àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn wá ti ń yọjú kọjá èjìká rẹ̀: "Ṣé màdáámù wà ńlẹ̀?"

Owú kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Tí ìyàwó bá rẹ́rìn-ín sí ojú kọ̀ǹpútà, ọkọ á ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Tó bá dákẹ́, ìdákẹ́ náà á tún máa bí i nínú. Ó máa ń fi òwe tu ara rẹ̀ nínú pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wò, àkísà gan-an ló rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló kọ́kọ́ fura. "Àbúrò, ojú ẹ korò bí ẹni tó mu jogbo. Ṣé ìyàwó ẹ ń yan àlè ni?"

"Rárá o. Ó mọ iṣẹ́ jù ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín débi pé pín-ìn-nì tó fẹnu gbá mú bọ́ sílẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo kọ́ ọ? Tí wọ́n bá ń yìn ín, ìwọ náà kọ́ ni wọ́n ń yìn?"

"Wọn ò dárúkọ mi," ọkùnrin náà fèsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó sáré lọ gba èsì ìdánwò ọmọ wọn nílé ìwé, ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn kan ni.

"Ẹni tó ń mú ọ̀rọ̀ rìn ni mò ń wá," nọ́ọ̀sì ní. "A fẹ́ fídíò kékeré tó máa kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru."

"Èmi ni," Ọ̀gá dáhùn. Ó sì pa ìpè náà rẹ́ kúrò lórí fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, tó yí ojú kọ̀ǹpútà sí ògiri kí ìyàwó má baà rí i. Tí ti ìyàwó bá ń rìn, tirẹ̀ á fò! Lẹ́tà ń yí bí òkòtó, nọ́ńbà ń tàkìtì, ṣíbí ń já bọ́ láti òkè. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì tàn án fáwọn ìyá tó jókòó de dókítà.

Nígbà tó parí, nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, "Ṣíbí iyọ̀ mélòó la ó fi sínú lítà omi kan?"

"Mẹ́fà," obìnrin kan tó pọnmọ dáhùn.

"Èmi náà, mẹ́fà ni mo rí," ẹlòmíì ní.

Nọ́ọ̀sì fa Ọ̀gá sí kọ̀rọ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ṣúgà ni ṣíbí ìpotíì mẹ́fà. Ìdajì ṣíbí ni iyọ̀. Tí ìyá kan bá po ṣíbí iyọ̀ mẹ́fà fún ọmọ ẹ̀, ọmọ yẹn lè kú. Ṣé màdáámù ló ṣe èyí?"

Ẹ ò rí nǹkan, "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ló kù kí Ọ̀gá sọ, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ì bá sì bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Èmi ni, mà. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ pè."

Nígbà tó délé iṣẹ́, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó lórí ìdúró. Obìnrin náà gbé fóònù rẹ̀ sókè.

"Ẹ pa ìpè mi rẹ́, nínú fóònù mi?"

"Mo pa á rẹ́."

"Inú ń bí mi o. Kì í sì í ṣe kékeré." Ó fa àga, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti tún fídíò náà ṣe.

Ó mú kí ṣíbí ṣúgà máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà máa yọ tẹ̀lé e, títí ó fi pé mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dúró. Kò sí ohun tó mira. Ìgbà yẹn ni ìdajì ṣíbí iyọ̀ tó dá wọlé.

Ọkọ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ò lè mú un mọ́ra. "Kí ló dé tó fi pẹ́ tó yẹn?"

"Mò ń ka ọ̀rọ̀ náà sínú, bí ẹni tí kò mọ̀wé kà dáadáa ṣe máa kà á, kó tó kan iyọ̀."

Ọdún mẹ́rìnlá, ìyẹn ò wá sọ́kàn rẹ̀ rí. Ó dùn ún wọra.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìyàwó ò fi bá a sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì gba fídíò náà, inú rẹ̀ dùn, nígbà tó sì di oṣù kejì, ó tún fẹ́ òmíràn, nípa bí wọ́n ṣe ń wọn oògùn ọmọdé. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é. Ìyàwó di kámẹ́rà mú, ọkọ sì gbé ìgò àti ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn síwájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ṣì ń jowú mi?" ìyàwó bi í, ojú rẹ̀ ò kúrò lára kámẹ́rà.

"Mò ń jowú."

"Ó dáa. Ẹ di ife yẹn mú dáadáa, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ lè hàn."