Àyè Tí Onídùùrù Fi Sílẹ̀ Nínú Àwo Rẹ̀

Àṣìṣe tí Onídùùrù ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba àwo rẹ̀ sílẹ̀ kò tó nǹkan, ẹnu aráyé ló sọ ọ́ di ńlá. Àwọn kan ní ó sùn lọ. Kò sùn. Àwọn mìíràn ní ó gbàgbé orin. Onídùùrù kì í gbàgbé orin. Bó ṣe rí gan-an nìyí: ó tẹ dùùrù dé ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń gbóhùn wọlé, ó mi orí sí máìkì tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, ó sì dúró. Kò sí ẹnì kankan nídìí máìkì náà. Ìyàwó ti kó lọ sí ìlú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tí orin parí, ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ihò wà láàrin orin yìí."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Àwọn èèyàn á ní ó ti bàjẹ́."

"Àwọn èèyàn ló bàjẹ́."

Dùùrù ló dájà sílẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ni tọkọtaya náà ti ń ṣeré, ìyàwó ń kọrin, ọkọ ń tẹ dùùrù, ṣùgbọ́n bí ọkọ ṣe ń dàgbà ni dùùrù rẹ̀ ń pariwo sí i. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé, ó ní, "Bí mo bá ń kọrin tí èmi fúnra mi ò gbọ́, ta ni mò ń kọ ọ́ fún?" Ó di ẹrù rẹ̀. Ẹnu Onídùùrù wúwo láti bẹ̀bẹ̀, ló bá ní òun yóò fi àwo bẹ̀ ẹ́. Orin jáàsì tó lú mọ́ rọ́ọ̀kì ni, dùùrù ló sì ṣíwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀bẹ̀ tó pariwo tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Yàtọ̀ sí ẹyọ kan, orin ẹlòmíràn ni gbogbo orin inú àwo náà, àwọn tí ìyàwó fẹ́ràn láti máa kọ. Onígìtá tó bá a ṣe àwo náà bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò lórin tiyín ju ẹyọ kan lọ ni?"

"Ohun tó ń ṣe mí, ẹlòmíràn ti kọ ọ́ dáadáa. Ṣé kí n wá kọ ọ́ burúkú kó lè jẹ́ tèmi?"

Yàrá rẹ̀ ló ti ń fi wọ́n dánra wò. Ìyá Onílé, tó ń gbé lókè, a máa fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ kó lè dákẹ́. Onídùùrù á yọrí lójú fèrèsé: "Ìyá, ẹ ń sáré. Ẹ máa tẹ̀lé mi." Kò pẹ́ tí ọ̀pá náà fi ń bá ìlù orin mu.

Nígbà tí àwo jáde, ó fi ọ̀kan rán awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù sí ìyàwó rẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Láti ọjọ́ náà, bí mọ́tò bá dúró níwájú ilé, á gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù, á tẹ́tí. Bí mọ́tò bá kọjá, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé kò fi gbọ́ ìparí orin kankan mọ́.

Àwọn tó ra àwo ń dá a padà fún ẹni tó tà á. Onídùùrù lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣàlàyé fún wọn: "Kò bàjẹ́. Ẹni tí yóò kọrin níbẹ̀ ni kò tíì dé."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀, Bàbá?"

Ó fi etí ẹ̀wù nu eruku ara àwo náà.

Nígbà tó yá, awakọ̀ padà dé. "Bàbá, ìyàwó yín ní òun ti gbọ́ ọ. Ó ní orin kejì yára jù, òun ò ráyè mí."

Kò sẹ́ni tó ń sọ irú ẹ̀ fún Onídùùrù.

"Kí ló tún sọ?"

"Kò sọ nǹkan mìíràn."

"Ó ti tó," ni Onídùùrù wí. "Ó ń bá a kọ ọ́ nìyẹn."

Ó háyà ọkọ̀ ẹrù, ó ní kí wọ́n gbé dùùrù sí i. Ìyá Onílé dúró tì í. "Bí kò bá ṣílẹ̀kùn fún yín ńkọ́?"

"Màá máa tẹ̀ ẹ́ níta. Jẹ́jẹ́."

Àwọn kan ń sọ pé ìyàwó kò ṣílẹ̀kùn. Irọ́ ni. Ó ṣí i, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé dùùrù jìnnà sí ibùsùn. Àwọn tí Onídùùrù fi sílẹ̀ ni kò rójú. Ilé náà dákẹ́ débi pé Ìyá Onílé, tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ látọjọ́ yìí, kò rí oorun sùn. Bí ẹnì kan bá ń lọ sí ìlú tí Onídùùrù wà, ìyá náà á ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń yọ wá lẹ́nu mọ́, kò sì dáa."

Onídùùrù kò padà wá. Ìlú ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló kú sí, itẹ́ òkú ẹ̀yìn ilé ìwé ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.