Ọjọ́ Tí Mo Pe Ọ̀gá Mi Lórúkọ Lórí Òkè Òbúdú

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, òórùn bíréèkì tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà láti Fìdítì tó wà lẹ́yìn ń kọrin, wọ́n ń ya fọ́tò igbó. Mo wo Ọ̀gá Ràímì níbi sítíárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo wo jíà. Ó ti fi sí fíríì!

Ọ̀gá ló kọ́ mi níṣẹ́ awakọ̀. Lásìkò ìsinmi, àwa méjèèjì la máa ń kó èrò láti Fìdítì lọ gbafẹ́ lórí Òkè Òbúdú, nítorí igbó rẹ̀ àti òtútù tí í mú ẹni tó ń làágùn nílé wá súwẹ́tà kiri. Èèyàn dáadáa ni Ọ̀gá, àmọ́ ẹnu ẹ̀ kò dára. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wakọ̀ wọ gọ́tà, ó bi mí bóyá ewúrẹ́ ló bí mi.

Àwa awakọ̀ Fìdítì ní àṣà kan. Bí a bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíi ti ọ̀nà Ìlọrà, a ó yọ jíà sí fíríì kí mọ́tò máa yí lọ fúnra ẹ̀, kí epo má tètè tán. Nílé, kò séwu, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kì í pẹ́ tán. Ti Òbúdú kò tán bọ̀rọ̀: kọ́nà lé kọ́nà, ọ̀gbun lápá ọ̀tún. Jíà ló yẹ kó máa di mọ́tò mú níbẹ̀, torí bíréèkì nìkan kò lè gbé e. Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n epo wọ́n bí ojú lọ́dún náà, ó ní kóun dọ́gbọ́n sí i.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ jíà."

"Ta ló kọ́ ta?"

Ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí, ẹ̀rù Ọ̀gá náà ń bà mí.

Ní kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀ wọlẹ̀ láìrí nǹkan kan dì mú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òfo. "Subuhánà Lọ́ọ̀hi!" Ọwọ́ ẹ̀ gan mọ́ sítíárì. Orin dákẹ́. Ìyá kan figbe ta lẹ́yìn mi: "Jésù, gbà wá o!" Kí n má purọ́, mo ti tọ̀ sára.

"Ọ̀gá! Ọ̀gá!" Kò gbọ́. Ọ̀gbun ń bọ̀.

"Ràímì! Tẹ kílọ́ọ̀ṣì!"

Ó ta gìrì, ó tẹ̀ ẹ́. Mo fi tipátipá ti jíà bọ kejì, mo fa sítíárì sápá òkè. Ẹ́ńjìnnì han gooro, mọ́tò ń ha ara mọ́ ògiri erùpẹ̀ títí ó fi dúró. Gíláàsì fọ́, kò sẹ́ni tó kú.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú títì.

"Ẹ foríjì mí, sà. Mo pè yín lórúkọ."

Ó fà mí lápá. "Dìde, ọmọ mi. Ká ní 'Ọ̀gá' lo tún pè, a ti kú."

Èmi náà ti dọ̀gá báyìí. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀, ó sì ń dùn mọ́ mi. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá mi gun òkè yẹn, mo máa ń ní kó pè mí lórúkọ. Ojú á tì í, á rọra sọ ọ́ sábẹ́ ètè: "Làsísì."

Mo ní, "Mi ò gbọ́. Pariwo ẹ̀!"