Ọmọkùnrin tí A Fẹ́ Lọ Yàn

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí fún ọkọ mi, ó sì fẹ́ràn wọn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bá wọn di okùn bàtà ilé-ìwé láràárọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ní bí òun bá kú, ilé òun á dahoro. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò tíì kọ́lé tán ti ń wá ẹni tó máa jogún rẹ̀.

Ìgbà tó gbọ́ pé àwọn dókítà kan l'Ékòó lè bá èèyàn yan ọmọkùnrin kí oyún tó dúró, yẹ̀yẹ́ tán. A lọ. Dókítà ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: wọn á gba ẹyin lára mi, wọn á pò ó mọ́ àtọ̀ ọkọ mi nínú ìgò, wọn á yẹ àwọn ọlẹ̀ tó bá dúró wò, wọn á sì fi akọ sínú mi.

"Àwọn obìnrin ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ẹ lè ní ká tọ́jú wọn sínú yìnyín, ẹ sì lè ní ká dà wọ́n nù. Òfin ò tíì sọ nǹkan kan pàtó sí i, Mà. Níbí, ẹ̀yin la fi í sílẹ̀ fún."

Àbíkẹ́yìn mi ló wá sí mi lọ́kàn, èyí tó máa ń fi ẹsẹ̀ ta mí bó bá ń sùn. Ọkọ mi ní a máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí à ń padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, a yà sí Ìbẹ̀fun láti wo ilé tó ń kọ́. Àwọn bíríkìlà ti lọ. Ó fọwọ́ pa ògiri kan, ó ní yàrá ọmọkùnrin òun nìyẹn. Inú bí mi.

"Dádì, ilẹ̀ ta la dúró lé yìí?"

"Ilẹ̀ bàbá màmá mi. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Kí ló dé tí ẹbí fi fún yín?"

"Kí ló dé tí wọn ò ní fún mi? L'Íjẹ̀bú, ọmọ tí obìnrin ilé bí, ọmọ ilé ni."

"Ọkùnrin mélòó ni bàbá náà bí?"

"Obìnrin nìkan ni wọ́n bí."

"Ilé wọn ò dahoro, Dádì. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọ."

Ó jókòó sórí òkìtì iyanrìn pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Ó pe dókítà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní a ò ní wá mọ́. Mo bú sẹ́kún. Ó gbá mi mọ́ra, ó rò pé ayọ̀ ni. Ayọ̀ nìkan kọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí púpọ̀, mo sì ti mọ̀ láti ìgbà tí a wà lọ́dọ̀ dókítà pé bó bá bẹ̀ mí, màá gbà, kódà kí wọ́n da àwọn obìnrin náà nù.