Ọwọ́ Tí Àlàájì Rábíù Fi Yan Ìbọn

Yéè, Dádì mi! Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ṣí ilé ìtẹ̀wé yín ní Òpópónà Pédrò, ẹ̀rọ ń dún, bébà ń fò, a kò gbọ́ ohùn yín kí ẹ ní kí wọ́n rọra. Àlàájì Rábíù Adéògún, àgbà atẹ̀wé ní Ṣómólú, ọkùnrin gàgàrà tí í jókòó jẹ́ẹ́ bí omi àmù, ẹni tí kì í sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ ti tán nígbà tí kò tíì tán. Báyìí náà lẹ ṣe lọ? Ó dìgbà o.

Èmi Kúdírátù, àkọ́bí yín, ni mo ń kọ èyí. Ojú ìwé méjì ni àwọn àbúrò mi fún mi nínú ìwé ìrántí yín yìí, n ó sì lò ó tán. Àwọn ẹlòmíràn yóò sọ nípa ẹ̀sìn yín àti inú rere yín, òótọ́ ni wọn yóò sì sọ. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni tèmi, nítorí níbẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó bí mi, lẹ́yìn tí mo ti lé ní ogójì ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí ẹ kò mọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Dádì kò yìnbọn sí ohun ẹlẹ́mìí rí. Ẹgbẹ́ ayìnbọn-sójú-àmì ni wọ́n wà, àwọn tó máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní pápá tí ìjọba fọwọ́ sí, tí wọ́n á dojú ìbọn kọ bébà tí a ya òbìrí sí. Ọdún tó lé ní ogún ni wọ́n fi yin ìbọn kékeré níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ipò kìíní, wọn kì í sì gbẹ̀yìn. Bàbá Ṣọlá, ọ̀rẹ́ wọn ní Bàrígà tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́, ló máa ń borí wọn, wọ́n sì máa ń fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Nígbà tó yá, ìyọ̀ǹda jáde fún ẹgbẹ́ láti ra ìbọn kan ṣoṣo tó lè lu àmì ní ọ̀ọ́dúnrún mítà, èyí tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí pátápátá, tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tún un gbẹ́ nílé. Dádì, ẹgbẹ́ ní ẹ̀yin ni kí ẹ yàn án, pé ẹ̀yin náà ni yóò lò ó fún sáà ìdíje àkọ́kọ́. Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹnu bà á. Dókítà ti sọ fún wa pé kíndìnrín yín kò ní gbà fún yín ju sáà kan náà lọ.

Ìbọn kan, sáà kan. Bí a bá ṣì í yàn, ó parí nìyẹn.

Ẹ mọ̀ mí. Ìmọ̀ okòwò ni mo kà ní yunifásítì, òun ni mo sì fi ń jẹun. Bí ohun mẹ́ta bá wà nílẹ̀ tí a fẹ́ mú ọ̀kan, èmi á ya àtẹ, mo ti kó máàkì sí i. Ìbọn mẹ́ta ni wọ́n kó wá sí pápá fún wa láti gbé wò. Èkíní fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ta ni léjìká bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Èkejì, igi rẹ̀ dán bí àga ọba, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń fọwọ́ pa á lára. Ẹ̀kẹta burẹ́wà, irin òun rọ́bà lásán, àmọ́ ìdí rẹ̀ ṣeé fà gùn, ibi tí èèyàn ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sì ṣeé gbé sókè sódò. Mo wo ìwúwo, mo wo ọ̀pá ìbọn, mo wo bí ibi tí ìka ń fà ṣe rọ̀ tó, mo wo bóyá a ó rí ọta rẹ̀ rà. "Ìbọn tí kò ní ọta lọ́jà, ọ̀pá ìtilẹ̀ ni." Ẹ̀yin lẹ sọ ìyẹn, mo sì kọ ọ́ sí àtẹ mi. Ọ̀nà méjìlá ni mo pín in sí. Ìbọn kejì ló gba máàkì jù, mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọ̀rọ̀ kò bùṣe. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ fi dá mi dúró. Ní gbogbo Sátidé, ẹ ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ẹ ó dijú, ẹ ó gbé ìdí ìbọn sí èjìká, ẹ ó tún lajú. Ẹ ní ìbọn tó bá mọ èèyàn, bí èèyàn bá lajú, àárín àmì gan-an ni yóò bá ara rẹ̀. Bó bá ní láti wá a kiri, ìbọn ẹlòmíràn ni. Ẹ ó wá dìde, ẹ ó gbọn iyanrìn kúrò lára: "Ẹ jẹ́ ká tún rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Dádì, kí lẹ tún ń wò?"

"Mo ń wò ó ni."

"Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wa kó ìbọn wọlé láti òkè òkun á ti ìwé ìbéèrè rẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀ọ̀ o. Ọdún wo ni ìyọ̀ǹda mìíràn á tún jáde?"

"Kúdí, a kì í kánjú gé bébà. Bó bá ti gé, ó ti gé."

Inú bí mi débi pé mo lọ fẹjọ́ yín sun Mọ́mì. Mo ní ọkọ yín ń fi àkókò ṣòfò, àkókò náà kò sì tó. Mọ́mì kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọkọ mi kì í fi nǹkan ṣòfò. Bi í léèrè dáadáa."

N kò bi yín. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra mi, mo mú ìbọn kejì, mo fi ránṣẹ́. Ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tó béèrè ọwọ́ tí ayìnbọn ń lò, nítorí irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn tí a ń fà sẹ́yìn kí ọta tuntun tó wọlé, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ẹni ló sì gbọ́dọ̀ wà. Mo kọ "ọ̀tún" síbẹ̀ láìronú. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn nínú ilé Adéògún? Ẹ̀yin gan-an kọ́ lẹ máa ń wo ọmọ-ọmọ yín lójú bó bá fi òsì gba gúgúrú, tí ẹ ó ní, "Ọ̀tún dà?"

Ní àárọ̀ Jímọ̀ọ̀, ẹ gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì mi ní Ladi-Lak wá. Ẹ ti wọ aṣọ funfun tí ẹ ó fi lọ kírun, ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ na ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ọ̀gbẹ́ni náà fi ránṣẹ́ sí yín sí mi. Òsì lẹ fi nà án. Mo ṣebí àárẹ̀ ni, n kò gbà á.

"Dádì, ọwọ́ òsì?"

"Òun náà ni. Gbà á."

Ẹ jókòó, ẹ sọ ohun tí ẹ kò sọ fún ọmọ yín kankan rí. Ìyá yín ní Ìjẹ̀bú ló fi àkísà di ọwọ́ òsì yín mọ́ ẹ̀yìn ní kékeré, títí ọ̀tún fi mọ òkèlè é bù. Ẹ ní, "Mo fi ọ̀tún jẹun, mo fi kọ̀wé, mo fi kí èèyàn, mo fi yìnbọn. Ṣùgbọ́n ojú kò gbọ́ ìbáwí. Ojú òsì ló ń bá mi ríran jìnnà." Ẹ ní àmì ìtòsí ṣeé tàn jẹ, ti ọ̀ọ́dúnrún mítà kò ṣeé tàn. Bí ìbọn bá sì wà ní èjìká òsì, tí irin rẹ̀ wà ní ọ̀tún, ẹ ó máa ní láti gbé orí kúrò lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. "Bí mo bá fi gbé e kúrò lẹ́ẹ̀kan, Kúdí, n kò ní èémí tí màá fi padà síbẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ láti ọjọ́ yìí?"

"Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti fi ń sọ ọ́ nínú. Olórí ẹbí ni mí. Èmi ni mo ń pín ẹran, èmi ni mo ń kó ọmọ jáde."

Mo wo aago, ó ti kọjá mọ́kànlá. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Fọlá Agoro, níbi tí ọ̀gbẹ́ni náà ń gbé ṣiṣẹ́. Ó ní, "Mádàámù, mo ti fi ránṣẹ́ láti àná. Àlàájì á fara mọ́ ọn, ọwọ́ lásán ni." Mo ní kó pe àwọn tó fi ránṣẹ́ sí padà lójú mi. Ó pè. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọlọ́wọ́-òsì fún ìbọn kejì tó rẹwà yẹn, ẹ̀kẹta tó burẹ́wà nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, pé bí a óò bá yí i, alága ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kó tó di aago méjìlá.

Mo bojú wò yín. "Ẹ̀kẹta. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

Mo pe Bàbá Ṣọlá, mo ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fúnra yín, ọ̀rọ̀ méjì péré: "Ọwọ́ òsì." Òógùn bo iwájú orí yín, mo sì rí i pé ẹ̀rù yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ yín ń bà yín ju ẹ̀rù dókítà lọ. Bàbá Ṣọlá pariwo nínú fóònù, wọ́n ní, "Rábíù! Gbogbo ọdún tí mo fi ń borí ẹ, ìdajì ẹ ni mo ń bá díje? Olè ni ẹ́! Kúdí, ní kí wọ́n kọ ọ́ pé mo gbà, kí ó tó tún yí ọkàn padà."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago lu méjìlá nígbà tí ìdáhùn wọlé pé wọ́n ti yí i. Ẹ bá ìrun.

Ìbọn náà pẹ́ kó tó dé, ẹ sì ti rù gan-an. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí pápá, ẹ dùbúlẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, ẹ sì gbé e sí èjìká òsì. Ẹnì kan kùn lẹ́yìn. Ẹ dijú, ẹ lajú, ẹ kò sì yìn ín. Ẹ wà bẹ́ẹ̀. Èmi tí n kò lè dúró kí omi hó, mo dúró, mo gbàgbé láti wo aago. Ọta márùn-ún lẹ yìn, orí yín kò kúrò lórí ìbọn. Nígbà tí wọ́n mú bébà dé, Bàbá Ṣọlá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn lé e, ó bo ihò márààrún. Wọn kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Omi ló wà lójú wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré lẹ tún lọ. Sáà náà kò parí, ẹ̀yin lẹ ṣíwájú rẹ̀. Mo ti bínú sí i, n kò sì ní parọ́ pé mo ti dákẹ́ ìbínú. Mo jẹ yín ní ọ̀sẹ̀ méje tí n kò fi béèrè.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, Ààfáà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gba ìwé iṣẹ́ yín lọ́jọ́ ìkẹyìn. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Èmi ni mo ṣe tèmi gbẹ̀yìn. Mo ń tún un ṣe níhìn-ín, tọkàntọkàn: àmín. Ẹ fi ọ̀tún gbà á, Dádì. Ó ti mọ̀ ọ́n gbà, gbogbo ọjọ́ ayé yín ló fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbà á tán, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín méjèèjì wà níta, kò sẹ́ni tí yóò tún dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀.

Ẹ má kánjú, n kò ní kán yín lójú mọ́. Ẹ sùn re o, bàbá mi.