Àlọ́ Ojúmọmọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ágége, kò sọ́mọ tó lè pàlọ́ bíi tèmi nínú ilé wa. Mi ò purọ́ o. Ìwé ò wọ̀ mí lórí, fọ́ọ̀mù tú ni mo ti já a sílẹ̀, àmọ́ ẹnu mi mú bí abẹ.

Ayé ṣọ́jà ni. Ilé iṣẹ́ n'Íkẹjà ń lé àwọn bàbá wa dànù. Ìgbà yẹn ni bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ obìnrin sá ogun Làìbéríà wá, wọ́n gba yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ará ilé ò fẹ́ wọn rárá. "Ẹni ogun lé, ṣé ogun ò ní tẹ̀lé e wálé?" Ìyá Onílé gan-an ti ní kí wọ́n kó jáde kóṣù tó parí.

Ló bá di Sátidé sanitéṣọ̀n. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n: ṣọ́jà ò ní jẹ́ kẹ́nì kankan jáde títí aago mẹ́wàá, àfi ká máa gbálẹ̀. A ti kó gọ́tà tán, ara ń ta mí, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ni ọmọbìnrin yẹn bá lanu: "Àlọ́ o!" Ojú fèrèsé wọn ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wa nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo ilé pariwo. Àlọ́ lójúmọmọ kẹ̀! Èmi ni mo kọ́kọ́ fò dìde.

"Dákẹ́, ọ̀dẹ̀! Ẹni bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá ẹ̀ á kú!"

Ó wò mí. "Ìyá tèmi ti kú. Ogun pa á."

Èmi ẹlẹ́nu mímú, mo rọra padà jókòó. Ìyá Onílé ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó.

"Pa á, ọmọ mi. Kí la ó máa gbè?"

Ó kọ́ wa lórin kan ní èdè ilé wọn. A ò gbọ́ ọ, a sáà ń gbè é. Èmi ni mo pariwo jù! Aago mẹ́wàá lù, kò sẹ́ni tó dìde. Oṣù parí, Ìyá Onílé ò dárúkọ kíkó jáde mọ́.

Ayé ti yí o. Abúlé Ẹ̀gbá ni mo wà báyìí, fóònù ló kù tó ń pàlọ́ fún kálukú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé wa níbí, wọ́n ní wàhálà lé wọn láti Òkè Ọya. Mi ò tíì gbọ́ ohùn wọn. Ilẹ̀kùn wọn kì í ṣí. Orin ọjọ́ yẹn ṣì wà lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ dòní.

Ara ń ta mí. Ẹ jẹ́ n lọ kanlẹ̀kùn yẹn ná.